Títọ́jú àbúrò ẹni náà, iṣẹ́ àánú ni

Bí fọ́ọ̀mù Common App, tí àwọn ọmọ fi ń wá ààyè sí ọ̀pọ̀ yunifásítì lẹ́ẹ̀kan náà, bá ti ṣí ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ báyìí, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan ní Amẹ́ríkà. Ọmọ ọdún 16 ti di olùdásílẹ̀ ẹgbẹ́ aláàánú, ó ti ní ojú òpó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ti ya fọ́tò níbi tó ti ń fa àwọn ọmọ aláìní mọ́ra. Tí yunifásítì bá ti gbà á tán, ẹgbẹ́ náà á dákẹ́. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mò ń pa, kó lọ wo irú ojú òpó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan.

Kì í ṣe gbogbo wọn, mo mọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí ni ti ọmọbìnrin ọ̀rẹ́ mi. Iṣẹ́ alẹ́ ni ìyá rẹ̀ ń ṣe. Òun ló ń lọ mú àwọn àbúrò rẹ̀ nílé ìwé, òun ló ń dáná fún wọn, òun ló ń jókòó tì wọ́n títí iṣẹ́ àṣetiléwá wọn á fi parí, kó tó wá ráyè ṣí ìwé tirẹ̀. Síbẹ̀ máàkì rẹ̀ ò wálẹ̀. Ló bá lọ bá agbaninímọ̀ràn ilé ìwé wọn. Ìyẹn yẹ ìwé rẹ̀ wò, ó ní gbogbo rẹ̀ dára, àfi pé kò sí iṣẹ́ àánú kankan níbẹ̀. Ó ní kó yára wá nǹkan ṣe fún àwọn aláìní.

Ọmọ yìí pè mí, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Àǹtí, ṣé kí n ní kí Mọ́mì fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni, kí n lè ráyè lọ ran ẹlòmíì lọ́wọ́?" Inú bí mi débi pé mi ò tètè lè sọ̀rọ̀.

Bẹ́ẹ̀, fọ́ọ̀mù yẹn gan-an ò sọ bẹ́ẹ̀ o! Ààyè mẹ́wàá ló wà níbẹ̀ fún ohun tí ọmọ ń ṣe lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Ojúṣe nínú ẹbí wà lára ohun tó lè mú, iṣẹ́ tó ń gbowó lé lórí náà sì wà níbẹ̀. Láti ọdún 2016 ni ìròyìn kan ti jáde láti Harvard, tí àwọn aláṣẹ ìgbaniwọlé ní ọ̀pọ̀ yunifásítì fọwọ́ sí, pé kí wọ́n ka ìtọ́jú ẹbí kún iṣẹ́ gidi. Ta ló ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ tó ń ṣe é?

Orúkọ àánú yìí náà kọ́ ni wọ́n fi bojú ní ìjọ́sí? Nígbà tí àṣírí William Singer, ọkùnrin tó ń gbowó lọ́wọ́ òbí láti bá ọmọ wọn wá ààyè sí yunifásítì ní Amẹ́ríkà, tú ní 2019, ẹgbẹ́ aláàánú ló ń gba owó rìbá sí. Àwọn òbí ń sanwó kí ọmọ wọn lè wọ yunifásítì ńláńlá, wọ́n ń pè é ní ọrẹ àánú.

Mo ti ní kí ọmọ náà kọ ti àwọn àbúrò rẹ̀ sí ààyè àkọ́kọ́, kó má fi pamọ́. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀. Àlàyé rẹ̀ ò gbọdọ̀ ju lẹ́tà 150 lọ, tòun ti àlàfo, ẹni tó máa kà á ò sì mọ ilé wọn. Bí wọ́n bá sì wá ń ka irú rẹ̀ sí gidigidi lọ́la, kí ni ò ní jẹ́ kí ọmọ olówó náà kọ ọ́, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ ló ń tọ́jú àbúrò tirẹ̀? Mi ò mọ bí wọ́n ṣe máa dá wọn mọ̀ yàtọ̀.