Johannesburg kọ́ ni wọ́n dá sílẹ̀ ní 1652 o

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pín pósìtì yẹn kiri pé àwọn òyìnbó Dutch ló dá Johannesburg sílẹ̀ ní 1652, pé ilẹ̀ òfìfo ni wọ́n bá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dúró ná. Cape Town lẹ́ ẹ ń sọ yẹn! Etí òkun nìyẹn wà, ó ju 1,000 kìlómítà lọ sí Johannesburg.

1886 ni Johannesburg bẹ̀rẹ̀, góòlù ló sì fà á. Oko kan tí wọ́n ń pè ní Langlaagte ni wọ́n ti rí i, George Harrison ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ pé ó rí i, ọ̀gbẹ́ni yẹn wá lọ ta ìpín tiẹ̀ nínú ilẹ̀ góòlù ọ̀hún ní 10 pọ́n-ùn péré (ha!), nígbà tó fi máa di 1896 èèyàn ibẹ̀ ti tó bí 100,000, bẹ́ẹ̀ kò sí òkun, kò sódò gidi kan nítòsí.

Ti ilẹ̀ òfìfo yẹn, irọ́ pátápátá ni. Ẹ lọ wo Melville Koppies, òkè olókùúta kan tó wà nínú ìlú Johannesburg gan-an, ìléru táwọn aláwọ̀ dúdú fi ń yọ́ irin kí òyìnbó tó débẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ta ló tún wá wa góòlù ọ̀hún jáde? Abẹ́ ilẹ̀ lọ́hùn-ún ló wà, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì wà nínú òkúta, àfi kí wọ́n wá ọ̀pọ̀ èèyàn tí wọ́n máa sanwó táṣẹ́rẹ́ fún, làwọn ọkùnrin Lesotho àti Mozambique bá ń wọlé, wọ́n há wọn mọ́ kọ́ńpáùn, ìyẹn ọgbà táwọn awakùsà ń gbé, bí ẹlẹ́wọ̀n. Ní 1904 tí àjàkálẹ̀ àrùn bẹ́ sílẹ̀, wọ́n kó àwọn aláwọ̀ dúdú lọ sí Klipspruit lẹ́yìn ìlú, ibẹ̀ ni Soweto, àdúgbò ńlá àwọn aláwọ̀ dúdú ní Johannesburg, ti bẹ̀rẹ̀.