Wọ́n Ní Àwọn Lọ Sinmi ní Faransé

Àṣà kan wà lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí kò tíì ṣá. Bí ọkọ bá ti fẹ̀yìn tì, tí ìyàwó náà sì ti fẹ̀yìn tì, wọn kì í jókòó sílé kí wọ́n máa gbé ọmọ-ọmọ jó. Wọ́n á ta ilé tí wọ́n ń gbé ní Kent nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á fi owó rẹ̀ ra ilé olókùúta kan ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Faransé, tòun ti abà, tòun ti ilé ẹyẹlé, tòun ti pápá tí ẹṣin lè sáré nínú rẹ̀. Kò sí èyí tó ní ẹṣin nínú wọn. Wọ́n ní àwọn ń lọ sinmi. Wọ́n ti sinmi ní Dordogne, ẹkùn kan ní ìhà ibẹ̀, débi pé àwọn aláwàdà sọ ibẹ̀ ní Dordogneshire, bí ẹni pé ẹkùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni.

Ẹ wá wo Eymet, ìlú kékeré kan ní Dordogne. Àwọn tó ń gbébẹ̀ kò ju bí 2,600 lọ, odò Dropt ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ìlú kọjá. Alphonse de Poitiers, àbúrò Ọba Louis Kẹsàn-án, ló tẹ ìlú náà dó ní 1270, pẹ̀lú òpópónà tó gún gbọọrọ àti gbàgede kan láàárín tí ọ̀ọ̀dẹ̀ òkúta yí ká. Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe àlejò ní ìhà ibẹ̀. Láti ìgbà tí Eleanor, arọ́lé Aquitaine, ilẹ̀ ìhà ibẹ̀ yẹn, ti fẹ́ Henry ní 1152, tí ìyẹn sì di ọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1154, ni wọ́n ti ń jagun lórí ilẹ̀ náà, títí àgbá ìbọn Faransé fi lé wọn ní Castillon ní 1453. Wọ́n lọ lóòótọ́. Wọ́n kàn ń dúró de ọkọ̀ òfurufú olówó pọ́ọ́kú tí yóò máa já wọn sí Bergerac ni, tí kò ju nǹkan bí kìlómítà 25 sí Eymet.

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, tí í ṣe ọjọ́ ọjà, lọ jókòó sí Place Gambetta kí o tẹ́tí. Tábìlì ọwọ́ ọ̀tún, Gẹ̀ẹ́sì. Tábìlì ọwọ́ òsì, Gẹ̀ẹ́sì. Ajá abẹ́ tábìlì náà, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń bá a wí. Ilé ìtajà wà tí wọ́n ti ń ta tíì, Marmite tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń pa búrẹ́dì àti ẹ̀wà inú agolo, pápá kíríkẹ́ẹ̀tì sì wà pẹ̀lú. Wọ́n kó wá sí Faransé, ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ kí Faransé kó wá bá wọn.

Ohun tó kọ́kọ́ ń fi wọ́n hàn ni ìkíni. Ọmọ Yorùbá tó bá dé Eymet, apá ibẹ̀ kò lè ṣòro fún un, torí Faransé ń kíni. Bí o bá wọ ilé oníbúrẹ́dì, «Bonjour, madame» ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ, kí o tó dárúkọ ohun tí o fẹ́ rà. Bí àwọn mìíràn bá wà lórí ìlà, o kí àwọn náà. Bí o bá ń jáde, o tún kí wọn. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, ó ti di «bonsoir» nìyẹn. Gẹ̀ẹ́sì ẹni ọdún 68 á wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, á fẹyín, á na ìka méjì sókè: «Two baguettes, please.» Bí kò bá yé wọn, á tún un sọ ní ohùn òkè, ṣebí adití ni wọ́n. Nígbà tó bá délé, á sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé àwọn Faransé kò ní ọ̀yàyà. Ẹ ò rí nǹkan! Ọmọ tó wọlé tí kò kí àgbà ló ń bú àgbà pé kò ní ọ̀yàyà.

Nígbà tí ìdè kan bá yọ lára ìlẹ̀kùn rẹ̀, agogo méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló máa wakọ̀ lọ sí ilé ìtajà irin iṣẹ́. Wọ́n ti tì í, wọ́n ń jẹun, ó di agogo méjì. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń gbé ìlú náà.

Ilé ńkọ́? Oṣù Keje ni wọ́n wá wò ó, ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Keje, ògiri òkúta tó nípọn tó 60 sẹ̀ǹtímítà mú kí inú ilé tutù nini, ìyàwó ní kò sí ohun tó dùn tó yìí láyé. Ní oṣù Kìíní, ògiri kan náà ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó tà á fún wọn, Gẹ̀ẹ́sì lòun náà, ti fi sìmẹ́ǹtì di àárín àwọn òkúta. Ẹfun òkúta ni àwọn tó kọ́ ilé náà lò, èyí tó máa ń jẹ́ kí omi inú ògiri gbẹ jáde. Sìmẹ́ǹtì kì í jẹ́ kó jáde, nítorí náà omi á gba inú ilé, ọ̀dà á máa bó, bẹ́ẹ̀dì á máa rùn. Òfin Faransé fún oníbàárà ní ọjọ́ 10 lẹ́yìn tó bá fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àkọ́kọ́, *compromis de vente*, kó fi ronú pìwà dà láìsan kọ́bọ̀. Ọjọ́ 10 yìí ni wọ́n fi ń mu wáìnì *rosé* láti fi ṣàjọyọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá mọ̀ pé owó orí àti owó *notaire*, amòfin tó ń ṣe ìwé ilé àti ogún, lórí ilé àtijọ́ ń tó bí ìdá 7 tàbí 8 nínú 100 iye ilé náà.

Òtútù yìí ló kọ́kọ́ fi agbára mú wọn bá Faransé sọ̀rọ̀, torí àgbẹ̀ ìtòsí ló ń ta igi ìdáná. *Stère* ni wọ́n fi ń wọn igi: igi olóòró mítà kan, tí wọ́n tò ga ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan. Gẹ̀ẹ́sì ní kó bá òun gé e sí 50 sẹ̀ǹtímítà kó lè wọ sítóòfù onígi rẹ̀. Àgbẹ̀ gé e, ó gbé e wá, ó dà á sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin yìí tò ó jọ, ó mú tépù jáde, ó wọ̀n ọ́n: 0.8 péré! Olè! Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo tábìlì Place Gambetta ti gbọ́. Bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó jalè. Bí a bá gé igi kúrú, ó máa ń tò pọ̀ dáadáa, àlàfo àárín rẹ̀ á dín kù. *Stère* kan á di 0.8 ní 50 sẹ̀ǹtímítà, á sì di 0.7 bí a bá gé e sí 33. Àgbẹ̀ náà ti ṣàlàyé èyí fún un lẹ́ẹ̀mejì. Ó mi orí, ó ní «oui, oui».

Kò tán síbẹ̀. Oṣù Kẹwàá ni igi dé, oṣù Kẹwàá náà ló ń dá a. Igi óákù ń fẹ́ bí ọdún méjì kó tó gbẹ, kí omi inú rẹ̀ tó wá sílẹ̀ ju ìdá 20 nínú 100 lọ. Igi tútù kì í gbóná, èéfín ló ń ṣe: gíláàsì sítóòfù á dúdú, ọ̀dà dúdú á máa lẹ̀ mọ́ inú ihò èéfín, títí iná yóò fi ràn án lóru ọjọ́ kan. Ìgbà náà ni ilé-iṣẹ́ adójútòfò á béèrè ìwé ẹ̀rí *ramoneur*, ẹni tó ń gbá ihò èéfín, tó yẹ kó ti wá láàárín ọdún. Ìwé wo? Ọkọ ìyàwó rò pé Disemba ni Bàbá Kérésì ń gbá a. Igi tó kù sí ìta ńkọ́, ó fi tapólìn búlúù wé e látòkè délẹ̀ bí òkú, ó ti bu ewú. Ohun tó yẹ kó ṣe ni kó tò ó sórí pákó, kó bo orí rẹ̀ nìkan, kó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ṣùgbọ́n ibi tí Faransé ti ń bá wọn pàdé gan-an ni kòtò ìgbẹ́. Ilé inú oko kò sí lórí páìpù ìjọba, *fosse septique* ló ní. Èyí tí wọ́n ń rì fún ilé oníyàrá márùn-ún kì í kéré sí 3,000 lítà. Ó tó ọkọ àti ìyàwó. Kò ní tó ní oṣù Kẹjọ, nígbà tí ọmọ mẹ́ta, ọkọ àti aya wọn, ọmọ-ọmọ mẹ́fà, àti ọ̀rẹ́ tó ní òun kàn ń kọjá lọ bá dé. Àlejò á ju aṣọ ìnùdí sínú àwo ìgbọ̀nsẹ̀, nítorí wọ́n kọ «flushable», pé omi lè gbé e lọ, sára rẹ̀. Ìyá ilé á da jíìkì sí i kó lè mọ́ tónítóní. Àwọn kòkòrò ojú-ò-rí tó wà nínú kòtò náà ló ń jẹ ìgbẹ́ yẹn o, jíìkì sì ti pa gbogbo wọn. Ní ọjọ́ Sátidé, nígbà tí gbogbo ilé wà lẹ́yìnkùlé tí wọ́n ń yan ẹran, òórùn á dìde.

Nígbà tí ẹrẹ̀ bá ti gba ìdajì kòtò, ó yẹ kí wọ́n pe àwọn tó ń fà á. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, èyí ń bọ́ sí bí ọdún mẹ́rin sí ara wọn. Bí wọ́n bá sì ti fà á tán, kí wọ́n da omi kún un lójú ẹsẹ̀. Ọ̀gá wa kì í da omi sí i. Ó ní òun ń fi omi pamọ́ nítorí ayíká. Òjò á rọ̀, omi abẹ́ ilẹ̀ á ga, kòtò òfìfo náà á sì gbéra nílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni òṣìṣẹ́ SPANC, ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó irú kòtò bẹ́ẹ̀, á dé tòun ti ìwé àti bíírò, kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ẹyọ kan. Ẹni tí kò mọ «ẹ jọ̀ọ́» ní èdè Faransé mọ *vidange*, fífa kòtò, ó mọ *boues*, ẹrẹ̀ inú rẹ̀, ó mọ *non conforme*, kò bá òfin mu. Ìgbẹ́ ni olùkọ́ èdè rẹ̀.

Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ kò yẹ ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Òfin 2003 ní kí wọ́n fi ọgbà, ìdérí tàbí aago ìkìlọ̀ sí i kí ọmọdé má baà rì. Ẹni tí kò ṣe é lè san owó ìtanràn tó 45,000 yúrò. Wákàtí tó yẹ kí ẹ̀rọ fi fọ omi lójúmọ́ jẹ́ ìdajì iye ìgbóná omi náà: bó bá jẹ́ 26 ní ìwọ̀n Celsius, wákàtí 13. Ọ̀gá ń tàn án fún mẹ́rin nítorí owó iná, omi wá dà bí ewédú. Àwọn kan tilẹ̀ gbẹ́ tiwọn láìsọ fún ìjọba, wọ́n ní ta ni yóò rí i lẹ́yìn abà. Ní 2022, àwọn agbowó orí fi àwòrán òfurufú àti kọ̀ǹpútà wá a, wọ́n sì rí adágún tó lé ní 20,000 tí ẹnikẹ́ni kò kéde.

Ìyẹn rọrùn ju ti Brexit lọ, bí Bìrìtéènì ṣe jáde kúrò nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2021, èèyàn kò gbọ́dọ̀ gbé ẹran àti wàrà láti Bìrìtéènì wọ Yúróòpù. Ẹ wá rí bàbá àgbà tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé rí, tó ń di *bacon* àti wàràkàṣì *cheddar* mọ́ abẹ́ táyà àfidípò nínú ọkọ̀ ojú omi Dover! Ó ń fàyàwọ́ wàràkàṣì wọ Faransé, orílẹ̀-èdè tí kò sí irú wàràkàṣì tí wọn kì í ṣe. Ẹni tó ní ilé ìsinmi níbẹ̀ láìní ìwé ìgbélùú kò gbọ́dọ̀ lò ju ọjọ́ 90 lọ nínú 180. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó pẹ́ gbọ́dọ̀ gba físà: kó fi ìwé báńkì hàn, kó ra ìdójútòfò ìlera, kó kọ̀wé pé òun kò ní ṣiṣẹ́, kó sì lọ fìdí físà náà múlẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láàárín oṣù mẹ́ta tó bá dé. Wọ́n ń ké pé ìwọ̀sí gbáà ni. Ẹni tó bá ti tò sórí ìlà físà Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó rí, kó kí wọn kú ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣe káńsẹ́lọ̀ ní àwọn ìlú Faransé, tí wọ́n lé ní 700, kò lè dupò mọ́ nígbà ìdìbò 2020. Àwọn wọ̀nyẹn ló tiẹ̀ ti gbọ́ Faransé nínú wọn.

Síbẹ̀ náà, ìjọba wọn kò gbàgbé wọn. Owó ìfẹ̀yìntì wọn ń lé sí i lọ́dọọdún, fọ́ọ̀mù S1 sì jẹ́ kí Lọ́ńdọ́nù máa san owó ìtọ́jú wọn fún Faransé. Nọ́ọ̀sì ọmọ Ìjẹ̀bú tó fi ọgbọ̀n ọdún tọ́jú irú àwọn wọ̀nyí nílé ìwòsàn Lọ́ńdọ́nù, tó wá padà sílé, iye owó ìfẹ̀yìntì ìjọba tí wọ́n bá kọ́kọ́ san fún un ní Nàìjíríà ni wọ́n á máa san títí tó fi máa kú. S1 tirẹ̀ kò sí.

Nígbà tí orúnkún bá wá kọ̀ láti gun àtẹ̀gùn òkúta, wọ́n á ní kí àwọn ta ilé. Ibẹ̀ ni *notaire* á ti ṣàlàyé ogún fún wọn. Ní Faransé, o kò lè sọ pé o kọ ọmọ rẹ: ọmọ kan ní ìdajì, ọmọ méjì ní ìdá méjì nínú mẹ́ta, mẹ́ta sókè ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ìgbéyàwó kejì. Ọmọ tí ìyàwó bí fún ọkọ àkọ́kọ́, tí bàbá yìí tọ́ dàgbà, tó fẹ́ pín ní ogún, ìjọba á gba ìdá 60 nínú 100 lọ́wọ́ rẹ̀, torí lójú òfin, kò sí ẹ̀jẹ̀ láàárín wọn. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí wọ́n gbọ́ nígbà tí wọ́n ń mu *rosé* nìyẹn. *Notaire* tún ní àyẹ̀wò kòtò ìgbẹ́ ti ju ọdún mẹ́ta lọ, kí wọ́n ṣe òmíràn. SPANC tún dé. *Non conforme.* Ẹni tó bá rà á ní ọdún kan láti tún un ṣe.

Oníbàárà dé láti Surrey, tòun ti ìyàwó, nínú oṣù Keje. Wọ́n fọwọ́ kan ògiri, wọ́n ní ó mà tutù dára o. Wọn kò béèrè iye *stère* tí ilé náà ń jẹ lọ́dún, wọn kò béèrè ibi tí kòtò wà. Wọ́n béèrè bóyá BBC ń wọlé.