Bí Onígbá Bá Pe Igbá Rẹ̀ Ní Pàǹkàrà

Bí onígbá bá ṣe pe igbá rẹ̀ la ṣe ń bá a pè é. Bó bá pè é ní pàǹkàrà, ayé á bá a fi kólẹ̀. Bàbá kan ló pa òwe yìí sí mi létí ní ṣọ́ọ̀bù agẹrun kan ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, nínú oṣù Kejìlá, ó sì pa á bí ẹni tó ti parí ẹjọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju báyìí lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo mú lọ gẹrun. Maryland l'Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí, ọmọ ọdún 16 ni. Bí a ṣe wọlé, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn irun kúrò lára kílípà gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀, inú rẹ̀ dùn, ó nawọ́ sí i, ó sì kí i bí àwọn olórin ráàpù ṣe ń kí ara wọn: "tèmi nìyí," ó wá fi ọ̀rọ̀ yẹn kún un, ọ̀rọ̀ N tí àwọn aláwọ̀ funfun Amẹ́ríkà fi ń bú aláwọ̀ dúdú. Kò ní i lọ́kàn láti bú u rárá. Orin tó ń dún lẹ́yìn rẹ̀ ti pè é tó ìgbà mẹ́wàá kí a tó jókòó. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín kúrò lẹ́nu ọmọ náà. Ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó jókòó, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi gẹ ẹ́ tán. Mo bi í pé kí ló dé, bàbá tó ń ka ìwé ìròyìn lórí bẹ́ǹṣì ló dá mi lóhùn: "Ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Ṣebí àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń pe ara wọn bẹ́ẹ̀?" Òwe onígbá ló tẹ̀ lé e.

Mi ò ní pe ọ̀rọ̀ náà níhìn-ín. Mo mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Nígbà tí Ṣànpọ̀nná ń jà nílẹ̀ wa, àwọn bàbá wa mọ orúkọ rẹ̀ dáadáa, síbẹ̀ Olóde ni wọ́n ń pè é, tàbí ilẹ̀gbóná. Ẹni tó bá mọ ohun tí nǹkan ti fojú ẹlòmíràn rí a máa rọra pè é. "Ọ̀rọ̀ yẹn" ni n óò máa pè é.

Òwe bàbá yẹn dára, òwe àgbà ni. Ibi tó gbé e kà ni mo bá a jiyàn sí. Òwe náà gbà pé onígbá ló kọ́kọ́ sọ igbá rẹ̀ lórúkọ. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹni tó jí igbá gbé ló sọ ọ́ ní pàǹkàrà. "Dúdú" lásán ni orírun ọ̀rọ̀ náà nínú èdè Látìnì, ọmọ ìyá rẹ̀ sì wà lẹ́nu àwọn Potogí àti àwọn ará Sípéènì títí dòní. Ní 1619, nígbà tí ọkọ̀ ojú omi White Lion gúnlẹ̀ sí Point Comfort ní Virginia, John Rolfe, òyìnbó kan tó ń gbé níbẹ̀, kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ó já èèyàn dúdú "ogún àti díẹ̀" sílẹ̀ níbẹ̀, oúnjẹ ni wọ́n sì fi rà wọ́n. Oúnjẹ! Nígbà tó fi máa di 1837, Hosea Easton, pásítọ̀ aláwọ̀ dúdú kan ní ìhà àríwá Amẹ́ríkà, ti kọ ọ́ sílẹ̀ bí àwọn aláwọ̀ funfun ṣe ń fi ọ̀rọ̀ yẹn tọ́ ọmọ: bí o kò bá sùn, àwọn aláwọ̀ dúdú á wá gbé ọ lọ, bí o kò bá mọ̀wé, wàá dà bíi wọn. Ọmọ náà ò tíì mọ A, ó ti mọ ẹni tí yóò máa kẹ́gàn. Ohun tó tẹ̀ lé e, okùn àti igi tí wọ́n so èèyàn rọ̀ sí, ẹ ti gbọ́ ọ níbòmíràn. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé. Ẹni tó kó o kò ní gbàgbé.

Kí ló wá dé tí ẹni tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ nà yóò fi gbé e kọ́rùn bí ìlẹ̀kẹ̀? Èyí ló máa ń ya àwọn èèyàn wa lẹ́nu jù, kò sì yẹ kó ya àwa tí a ń sọ ọmọ ní Akísàátán lẹ́nu. Ìyá tí àbíkú ti dà láàmú lẹ́ẹ̀mẹta á bí ìkẹrin, á sọ ọ́ ní Ààtàn. Òmíràn á ní Ìgbẹ́kọ̀yí, pé igbó tí à ń gbé òkú ọmọ sọ sí ti kọ eléyìí. Òmíràn á ní Kòsọ́kọ́: ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́ ilẹ̀ ti tán. Ta ló jẹ́ sọ pé ìyá yẹn ò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀? Orúkọ burúkú ni asà tó gbé síwájú ọmọ, kí ikú lè dé, kó wò ó, kó ní kí lòun fẹ́ fi ààtàn ṣe. Orúkọ náà kì í sì í jábọ́ bí ọmọ bá dàgbà tán. Kòsọ́kọ́ kan jọba l'Ékòó láti 1845 sí 1851, kò sì sẹ́ni tó ní kó lọ wá orúkọ tó fani mọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ṣe fara jọ ọ́. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ tí olóko ń fi pè wọ́n wọ yàrá, wọ́n gé ìdí rẹ̀, wọ́n fi "a" parí rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di ohun tí ọ̀rẹ́ fi ń pe ọ̀rẹ́. Èyí tó ní "er" nídìí ṣì ń gún bí ọ̀kọ̀. Aláwàdà Dick Gregory tilẹ̀ fi í ṣe orúkọ ìwé ìtàn ayé rẹ̀ ní 1964. Ó kọ ọ́ síwájú ìwé náà sí ìyá rẹ̀ tó ti kú, pé níbikíbi tó bá wà, bó bá tún gbọ́ tí wọ́n pe ọ̀rọ̀ yẹn, kó rántí pé ìwé òun ni wọ́n ń polówó. Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ fi gbà á. Nígbà tó ṣe, mo ronú sí iye ìgbà tí ìyá náà ti ní láti gbọ́ ọ, ẹ̀rín sì tán.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ẹnu wọn kò lórí ọ̀rọ̀ náà o. Láàárín wọn gan-an ni ìjà wà. Richard Pryor, aláwàdà tó fi ọ̀rọ̀ yẹn jẹun bí àgbẹ̀ ṣe ń fi ọkọ́ jẹun, lọ sí Kẹ́ńyà ní 1979. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì kan ní Nairobi, ó ń wo àwọn tó ń wọlé, tó ń jáde, èèyàn dúdú lóríṣìíríṣìí, níbi iṣẹ́ lóríṣìíríṣìí. Ó wò títí, kò rí ẹyọ ẹnì kan tí orúkọ yẹn bá mu. Ó wá rántí pé òun ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀ láì pè é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tó padà délé, ó sọ ọ́ lójú gbogbo ayé pé òun ò ní pe ọmọ aláwọ̀ dúdú bẹ́ẹ̀ mọ́. Ilẹ̀ Áfíríkà ló gba ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀. Ẹ wá wo Mọ́kọ́lá, níbi tí a ti ń fi í kí àlejò káàbọ̀.

Àwọn mìíràn ní kí wọ́n kúkú sin ín. Òótọ́ ni mò ń wí. Ní ọjọ́ 9 oṣù Keje, 2007, ẹgbẹ́ NAACP, tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, gbé pósí jáde ní Detroit, òdòdó dúdú wà lórí rẹ̀, ẹṣin méjì ń fà á gba àárín ìlú, èrò ń tẹ̀ lé e bí ẹni ń sìnkú. Ìlú kan náà ni wọ́n ti sin Jim Crow, òfin ìyàsọ́tọ̀, báyìí ní 1944. Ìgbìmọ̀ ìlú New York ti dìbò fòfin de ọ̀rọ̀ náà ní oṣù Kejì ọdún 2007 yẹn, òfin tí kò ní ìjìyà nínú. Jim Crow kú lóòótọ́, bó tilẹ̀ pẹ́ kó tó kú. Òkú ti èkejì yìí kò dúró ní sàréè. Ní ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀ pàápàá, rédíò ń kọ ọ́ lórin. Mi ò rí wọn bí aláṣejù ṣá. Àgbà tí wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ kan lé kúrò nídìí tábìlì oúnjẹ kò ní gbọ́ "a" tó wà nídìí rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan ni etí rẹ̀ á gbọ́. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ kan ní New York, aláwọ̀ dúdú, fi ọ̀rọ̀ yẹn na òṣìṣẹ́ rẹ̀ obìnrin, aláwọ̀ dúdú bíi tirẹ̀. Ó ní ìfẹ́ ni òun fi sọ ọ́. Ní 2013, àwọn ìgbìmọ̀ onídàájọ́ kò gbà fún un. 250,000 dọ́là ni wọ́n kọ́kọ́ bu fún obìnrin náà kí wọ́n tó fi ti ìtanràn kún un.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ń bá ara wọn fà á, ẹ jẹ́ kí wọ́n fà á. Onígbá ń bá onígbá jà lórí igbá, èmi ọmọ Ìbàdàn kì í ṣe adájọ́ wọn. Ohun tó kàn mí ni ti àlejò tó yọjú lójú fèrèsé tó ní òun náà fẹ́ pè é.

Bàbá mi ní àbúrò kan tí àwọn ìyàwó ilé ń pè ní Onígògóńgò, nítorí gògóńgò rẹ̀ ta síta bí ìgbọ̀nwọ́. Bí wọ́n bá ti pè é bẹ́ẹ̀ láàárọ̀, á bú sẹ́rìn-ín, á ki ọwọ́ bọ àpò, á fún wọn lówó àkàrà. Ayálégbé tuntun kan gbọ́ èyí fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ọjọ́ kan, ó kí i: "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá Onígògóńgò." Ó bọ̀wọ̀ fún un o, ó ṣe ẹ, ó ṣe bàbá. Ojú tí bàbá fi wò ó, èmi ọmọdé ni mo bá a bẹ̀rù. Ní 2017, nígbà tí wọ́n bi òǹkọ̀wé Ta-Nehisi Coates léèrè nípa àwọn ọmọ aláwọ̀ funfun tó ń bá orin kọ ọ̀rọ̀ yẹn, irú ìtàn yìí gan-an ló sọ: àwọn ẹbí bàbá rẹ̀ ní Philadelphia ń pe bàbá náà ní Billy, bí òun ọmọ bá dán an wò, ọ̀rọ̀ máa di wàhálà. Kendrick Lamar, olórin ráàpù, ò ṣe àlàyé tó gùn bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún 2018, ní Alabama, ó pe ọmọbìnrin aláwọ̀ funfun kan sórí ìtàgé pé kó bá òun kọrin. Ọmọ náà kọ ọ́ bó ṣe wà, ọ̀rọ̀ yẹn àti gbogbo rẹ̀, Lamar sì dá a dúró. Àwọn kan bínú sí Lamar pé ṣebí òun ló kọ orin náà. Bẹ́ẹ̀ ni, òun ló kọ ọ́. Àwọn ìyàwó ilé wa náà ló sọ Onígògóńgò.

Àwa ńkọ́? Ṣé àlejò ni wá ni tàbí ọmọ onílé? Àwọ̀ wa kan náà, àwọn kan á sì sọ pé baba ńlá kan náà ló bí wa. Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ ní Pọ́tákọ̀, "ńgbàtí" ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá, wọ́n ní gbogbo ọ̀rọ̀ wa kò ju "nígbà tí, nígbà tí" lọ. Àwa náà gbà á mọ́ra. Bí a bá pàdé nílé olóúnjẹ, ẹnì kan á ké pé, "Ọmọ ńgbàtí, báwo ni?" a ó gbá ọwọ́. Lọ́jọ́ tí onílé mi fi ohùn kíkan pè é láti ẹnu géètì nítorí owó omi, mi ò gbá ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ tí kò tíì pa ẹnikẹ́ni nìyẹn o. Mo sì rí i pé ohun tó fún mi láṣẹ láti máa fi ńgbàtí ṣeré kò ju pé èmi náà wà lára àwọn tí wọ́n ń fi pè. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bàhíà ní Brazil ṣe irú rẹ̀: Nagô ni wọ́n pè wọ́n, orúkọ tí àwọn òpìtàn kan ní àwọn Fọ̀n ilẹ̀ Dàhómì fi ń ṣẹ̀sín, lónìí, àwọn ilé òrìṣà níbẹ̀ ń fi Nagô yangàn. Àwọn tó jẹ ìyà orúkọ náà ló yí i padà.

Ìdí nìyí tí mi ò fi lè sọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pé kò ní ìpín nínú rẹ̀. Ìgbà tí a ń padà sílé ló sọ fún mi pé wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ yẹn pe òun rí nínú bọ́ọ̀sì ilé-ìwé, ẹni tó pè é kò sì bi í pé ṣé ọmọ Ìbàdàn ni ìyá rẹ̀. Bí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá fẹ́ fi í ṣe orúkọ àbíkú, kí wọ́n lọ jókòó tì í. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ Mọ́kọ́lá, tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi í lé kúrò níbì kankan, orin ló ti gbé e. Ó dà bí ẹni tó gbé ẹ̀wù ọ̀fọ̀ opó wọ̀ lọ sóde nítorí pé ó bá a lára mu. Mo ní kó jù ú sílẹ̀.

Mo padà lọ bá a ní ọjọ́ kejì, èmi nìkan, mo ṣàlàyé fún un. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní òun ò mọ̀. Ọmọ dáadáa ni. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, a tún lọ. Bó ti rí wa lókèèrè, ó pa orin náà lẹ́nu mọ́, ó fi aṣọ ìnura nu àga, ó sì fi gbogbo ẹnu rẹ́rìn-ín:

"Akátá wa! Ẹ káàbọ̀ o!"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu èmi náà kí n tó mọ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi. "Ọ́ńkù, kí ni akátá?"

Mo ní ẹranko ni.

"Irú ẹranko wo?"