Èsì wa sí oníbàárà tó ra bottom bracket 110 fún kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀

Ẹ̀gbọ́n wa l'Ábẹ́òkúta, ẹ kú ìrójú, ẹ sì má bínú. Mo ti ka ohun tí ẹ kọ. Ẹ fún wa ní ìràwọ̀ méjì. Ẹ ní bottom bracket tí ẹ rà lọ́wọ́ wa, ìyẹn irin àti bẹ́ríìnì tó wà nínú ihò ìsàlẹ̀ férémù, tí apá pẹ́dà méjèèjì ń so mọ́, wọ inú férémù dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n de apá pẹ́dà mọ́ ọn tán, jíà iwájú tó kéré jù ń ha férémù. Ẹ ní ẹni tó ń bá yín tún kẹ̀kẹ́ ṣe sọ pé ayédèrú ni. Ẹ tún ní láti ìbẹ̀rẹ̀ lẹ ti sọ fún wa pé mountain bike àtijọ́, oní táyà 26, ni kẹ̀kẹ́ yín.

Àwa la jẹ̀bi. Ẹni tó dá yín lóhùn lórí WhatsApp béèrè fífẹ̀ ojú ihò férémù, ẹ ní 68, ó sì di 110 fún yín torí òun la ń tà jù. Kò béèrè bí irin àárín bottom bracket àtijọ́ yín ṣe gùn tó. Ìbéèrè yẹn gan-an ló yẹ kó ṣáájú.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ níbí, kí ẹlòmíì tó fẹ́ ra irú rẹ̀ lè kà á. Nọ́ńbà méjì ló ṣe pàtàkì. Èkíní, 68 tàbí 73, ni fífẹ̀ férémù níbi tí bottom bracket ti ń wọlé. Ẹ tú gbogbo rẹ̀ kúrò, kí ẹ fi kálípà wọn férémù lásán láti etí kan dé èkejì. Èkejì ni gígùn irin onígun mẹ́rin tí apá pẹ́dà ń wọ̀, láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó: 107, 110, 113, 118, 122.5, 127.5 mílímítà. Férémù ló ń sọ nọ́ńbà àkọ́kọ́. Apá pẹ́dà tó wà lára kẹ̀kẹ́ ló ń sọ èkejì. Táyà 26 kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ọjọ́ orí kẹ̀kẹ́ náà kò tó láti sọ ọ́, torí ọ̀pọ̀ mountain bike ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 ló ní irin gígùn, tó ń tó 122, ṣùgbọ́n láàárín ọdún díẹ̀ péré ni àwọn tó ń ṣe apá pẹ́dà yí ìrísí rẹ̀ padà, tí irin kúkúrú bíi 107 tàbí 110 fi tó o. Kẹ̀kẹ́ méjì lè jọ ara wọn bí ìbejì, kí irin inú wọn má sì jọ rárá.

Mo wo fọ́tò bottom bracket àtijọ́ tí ẹ fi síbẹ̀. Lábẹ́ ìpẹtà yẹn, mo ka 68, mo sì ka 122.5. Ẹ wò ó báyìí: 110 fi mílímítà 12.5 kúrú sí i, ọ̀tún àti òsì sì pín in, nítorí náà gbogbo jíà iwájú wọlé ní nǹkan bíi mílímítà 6. Lórí irú kẹ̀kẹ́ yín, tó ní jíà iwájú mẹ́ta, ti àárín yẹ kó jìnnà sí àárín gbùngbùn férémù tó bíi mílímítà 47.5. Tiyín ti wọlé dé nǹkan bíi 41. Báwo ni ti inú pátápátá kò ṣe ní kan férémù?

Kì í ṣe ayédèrú o. UN300 ti Shimano, ilé-iṣẹ́ Japan tó ń ṣe ẹ̀yà kẹ̀kẹ́, ni; òun ni wọ́n fi rọ́pò UN55, irú èyí tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀ tí wọn kò ṣe mọ́. Mi ò sì bá ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ jà, torí ohun tí kò bá kẹ̀kẹ́ mu ni wọ́n gbé síwájú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ yín tó dùn mí ju ti ìràwọ̀ lọ. Ẹ ní òòlù àti ṣísù ni wọ́n fi tú ti àtijọ́, torí ìhà ọ̀tún kọ̀, kò tú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn: ìhà ọ̀tún, níbi tí ṣéènì wà, òdì ni tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ìyẹn ìlà yíyípo tí a fi ń dè é. Bí a bá fẹ́ tú u, bí ọwọ́ aago ṣe ń yí la ó yí i. Bí a bá fẹ́ dè é, a ó yí i lódì sí ti aago. Ìhà òsì ló dà bíi bóòtù yòókù. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kí gígùn tí à ń gun kẹ̀kẹ́ má baà máa tú u díẹ̀díẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì eléyín 20 la fi ń tú u. Bí tírẹ́ẹ̀dì inú férémù bá fi bàjẹ́, bottom bracket kọ́ lẹ máa wá rà mọ́, férémù odindi ni. Ti tuntun tó ń bọ̀ yìí, kí wọ́n kọ́kọ́ fọ inú ihò náà, kí wọ́n fi gírísì pa tírẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n fi ọwọ́ lásán bẹ̀rẹ̀ sí í yí i. Bí kò bá gba ọwọ́, kí wọ́n dúró, kí wọ́n pè wá.

Ẹ tún bá mi wo ihò onígun mẹ́rin inú apá pẹ́dà òsì. Ẹ kọ ọ́ pé ó ti ń mì kí ẹ tó ra tuntun. Apá yẹn rọ̀ ju irin lọ. Bí a bá ń gùn ún bó ṣe ń mì, igun ihò náà á jẹ, bottom bracket tuntun kankan kò sì ní mú un dúró mọ́. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa kí wọ́n tó de ohunkóhun.

122.5 ti wà nínú páálí báyìí, ẹni tó bá gbé e wá ló máa gba 110 padà. Àwa ló ni owó ọkọ̀ lọ-bọ̀. Owó iṣẹ́ tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ yín lẹ́ẹ̀kejì, ẹ sọ iye rẹ̀, a ó san án. Bó bá jẹ́ owó yín lẹ fẹ́ gbà padà, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, kò sí ìjà.

Láti àná, a ò ta bottom bracket fún ẹnikẹ́ni mọ́ láì rí fọ́tò ti àtijọ́. Ẹni tí tiẹ̀ ti sọnù, kó yí apá pẹ́dà padà wo ẹ̀yìn rẹ̀: bó bá jẹ́ Shimano, nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú FC máa wà níbẹ̀, a lè ti ibẹ̀ mọ gígùn irin tó bá a mu.

Kí tuntun tó dé, ẹ̀gbọ́n, ẹ má gun kẹ̀kẹ́ yẹn rárá. Ibi tí jíà ti ń ha férémù yẹn, ṣe ló ń gé e wọlé.