Ṣé omi híhó ló ń ba gíríìn tíì jẹ́, àbí ewé náà ló korò láti ilẹ̀?

Àdùkẹ́ Elétíì
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo ibi tí mo bá yíjú sí, wọ́n á ní ooru báyìí ni kí a fi po gíríìn tíì, ìṣẹ́jú báyìí ni kí a fi rẹ tíì funfun, omi híhó kò gbọdọ̀ kan èyí, omi híhó ló yẹ tọ̀hún. Èmi ò gbà. Tíì ni tíì. Ẹ jẹ́ kí omi hó dáadáa, ẹ dà á lé ewé lórí, ẹ fi í sílẹ̀ títí yóò fi pọ́n, ó parí. Gíríìn tíì korò nítorí pé ewé tí wọn ò ṣe parí ni. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo ń pa, kó wá fi ẹ̀rí já mi, kì í ṣe fáàrí.

Akin Onítẹmọ́mítà
Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ kú àárọ̀ o. Láti ara igi ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Igi kan ṣoṣo ni tíì dúdú, gíríìn tíì, tíì funfun, oolong àti pu-erh (tíì Ṣáínà tí wọ́n máa ń tọ́jú pamọ́ kó gbó) ti wá, Camellia sinensis lorúkọ rẹ̀. Ẹ̀yà méjì ló gbajúmọ̀ jù: ti Ṣáínà tí ewé rẹ̀ kéré, àti ti Assam ní Íńdíà tí ewé rẹ̀ fẹ̀. Ohun tí wọ́n bá ṣe sí ewé lẹ́yìn tí wọ́n já a ló ń sọ irú tíì tó máa dà. Bí wọ́n bá yí i mọ́lẹ̀ tí ara rẹ̀ bó, afẹ́fẹ́ á máa bá oje inú rẹ̀ ṣiṣẹ́, ewé á sì máa pọ́n bọ̀. Tí wọ́n bá jẹ́ kó ṣe bẹ́ẹ̀ tán, tíì dúdú nìyẹn. Tí wọ́n bá dá a dúró lójú ọ̀nà, oolong. Ti gíríìn tíì ni pé kò pẹ́ tí wọ́n já a tí wọ́n á ti fi iná pa agbára oje yẹn: ní Ṣáínà wọ́n sábà máa ń yan án nínú agbada, ní Jàpáànì wọ́n sábà máa ń fi èéfín omi gbígbóná sè é. Nítorí náà, wọ́n ṣe é parí. Ibi tí wọ́n fẹ́ kó dé náà ni wọ́n dá a dúró sí.

Ohun tó ń korò ńkọ́? Kaféènì, èròjà tí kì í jẹ́ kí èèyàn tètè sùn, wà níbẹ̀, àwọn èròjà tí wọ́n ń pè ní catechin náà wà níbẹ̀. Nínú tíì dúdú, ọ̀pọ̀ catechin ti yí padà di ohun mìíràn, òun náà ló fún un ní àwọ̀ pupa tí ẹ̀ ń rí nínú ife. Nínú gíríìn tíì, wọ́n ṣì wà digbí. Omi tó ń hó á fà wọ́n jáde wìtìwìtì. Omi tó wà ní nǹkan bíi dígírì 70 sí 80 á fà wọ́n níwọ̀nba, bẹ́ẹ̀ theanine, èròjà tó ń jẹ́ kó dùn lẹ́nu, kì í nílò ooru tó pọ̀ kó tó jáde.

Àdùkẹ́ Elétíì
O ṣeun, Akin, o kàwé. Ta ló wá ń gbé tẹmọ́mítà sí ẹ̀gbẹ́ ààrò?

Ìyá Ìbejì
Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ gbé e, Àǹtí. Ẹ jẹ́ kí omi hó, ẹ pa iná, ẹ ṣí ìdérí kẹ́tù, ẹ lọ ṣe nǹkan mìíràn fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ojú bá ń kán yín, ẹ da omi náà sínú ife tó tutù, kí ẹ tún dà á sínú òmíràn. Ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ bá dà á báyìí, ooru rẹ̀ lè fi bíi dígírì 10 wálẹ̀. Àwọn ará Jàpáànì ní abọ́ tí wọ́n mọ nítorí èyí nìkan. Àwa tí a ò ní abọ́ ní ife.

Baba Kẹ́tù
Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kú àríyànjiyàn. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ gíríìn tíì yìí lọ kó bá tíì dúdú o. Tíì dúdú fẹ́ omi tó ń hó, kò sí àní-àní ńbẹ̀. Bí ẹ bá fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ pò ó, omi aláwọ̀ lásán lẹ máa mu. Ìṣẹ́jú 3 sí 5, ẹ sẹ́ ẹ. Ohun tí mo máa ń rí lọ́wọ́ àwọn èèyàn ni pé bí wọ́n bá fẹ́ kó le, wọ́n á gbàgbé ewé sínú omi. Kíkorò ló ń le sí i nígbà yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ tíì líle, ewé ni kó fi kún un, kó má fi àkókò kún un. Iṣẹ́ tí mílíìkì ń ṣe náà kò kéré: èròjà amúaradàgbà inú rẹ̀ á dì mọ́ ohun tó ń mú ẹnu gbẹ nínú tíì, ìdí nìyẹn tí tíì Assam tó le gan-an fi máa ń rọ̀ bí mílíìkì bá ti kàn án. Ṣùgbọ́n ẹ má bu mílíìkì sí tíì funfun. Ẹ̀ẹ̀ ní gbọ́ òórùn ewé náà mọ́ rárá.

Olóhùn Iyọ̀
Dígírì 70, ìṣẹ́jú 3, mílíìkì ṣíbí kan. Ṣé tíì là ń pò ni, àbí oògùn lẹ̀ ń kọ fún aláìsàn?

Akin Onítẹmọ́mítà
Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìlànà wà fún un lóòótọ́. Àjọ ISO tó ń gbé ìdíwọ̀n kalẹ̀ fún gbogbo ayé ní ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní ISO 3103, ọdún 1980 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde. Gíráàmù 2 ewé fún mìlílítà 100 omi híhó, ìṣẹ́jú 6.

Àdùkẹ́ Elétíì
Haa! Ẹ gbọ́ o! Omi híhó! Ìṣẹ́jú 6! Gbogbo ayé! Akin, ìwọ fúnra rẹ lo gbé e wá o, mi ò bẹ̀ ọ́.

Akin Onítẹmọ́mítà
Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀. Àwọn tó ń tọ́ tíì wò níbi iṣẹ́ ni wọ́n ṣe é fún, kí ewé tí wọ́n ń wò lónìí àti èyí tí wọ́n máa wò lóṣù tó ń bọ̀ lè jẹ́ bákan náà. Wọ́n fẹ́ kí àbùkù ewé hàn síta gbangba. Wọn ò sọ pé bó ṣe máa dùn nìyẹn.

Délé Ìkòkò Kékeré
Ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ gbèjà Àǹtí Àdùkẹ́ díẹ̀, torí ẹ ti fẹ́ fi ọ̀rọ̀ pa wọ́n. Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ ooru bíi pé òun nìkan ló wà. Ohun mẹ́ta ló ń ṣe é: ooru, àkókò, àti bí ewé ṣe pọ̀ sí omi. Ẹ fa ọ̀kan sókè, kí ẹ fa òmíràn wálẹ̀. Irú ìpotíì kan wà ní Ṣáínà tí wọ́n ń pè ní gongfu. Ìkòkò kékeré báyìí, omi bíi mìlílítà 100, ewé bíi gíráàmù 5, ìyẹn ju ti ISO lọ ní ìlọ́po méjì àti ààbọ̀. Omi tó gbóná gan-an ni wọ́n ń dà lé oolong tàbí pu-erh lórí, tíì náà kì í korò. Kí ló dé? Ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 20, wọ́n ti dà á síta. Wọ́n á tún da omi sí i, wọ́n á tún dà á síta, ewé kan náà lè gbé e dé ìgbà méje, mẹ́jọ, adùn á sì máa yí padà bó ṣe ń lọ. Oolong tó dára, ti ẹ̀ẹ̀kejì àti ẹ̀ẹ̀kẹta ni èmi máa ń retí. Ti àkọ́kọ́, ńṣe ni ewé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń nara.

Torí náà, bí Àǹtí bá kọ̀ jálẹ̀ pé omi híhó ni wọ́n máa fi po gíríìn tíì, kí wọ́n pò ó, ṣùgbọ́n kí wọ́n yọ ewé kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Àtomi híhó àtìṣẹ́jú 6 pọ̀, òun ni ìjàǹbá.

Àdùkẹ́ Elétíì
Délé, Ọlọ́run á bù kún ọ. Ẹ ti rí i pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Akin Onítẹmọ́mítà
Délé, ohun tó o sọ tọ̀nà fún ewé tó le bíi gunpowder, gíríìn tíì Ṣáínà tí wọ́n ká róbótó-róbótó, èyí tí àwọn ará Mòrókò ń fi míǹtì àti ṣúgà pò. Ìwọ sáà gbìyànjú rẹ̀ lára gyokuro, gíríìn tíì Jàpáànì kan. Bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó já ewé yẹn ni wọ́n ti ń bò ó kúrò lọ́wọ́ oòrùn, kí theanine lè pọ̀ nínú rẹ̀. Dígírì 50 sí 60 ni wọ́n ń fi rẹ ẹ́. Bí omi híhó bá kàn án, gbogbo làálàá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ló wọgbó.

Délé Ìkòkò Kékeré
Gyokuro yàtọ̀, mo gbà. Mo ṣáà ń sọ ti èyí tí gbogbo èèyàn ń mu.

Àbíkẹ́ Alápò
Èyí tí gbogbo èèyàn ń mu, inú àpò ló wà. Ẹnikẹ́ni ò tíì dárúkọ rẹ̀ látàárọ̀, ẹ kàn ń sọ ti ìkòkò kékeré.

Baba Kẹ́tù
Àpò kọ́ ni tíì, ọmọ mi. Ìyẹ̀fun ló pọ̀ nínú wọn.

Àbíkẹ́ Alápò
Baba, ẹ forí jì mí, èyí ò tọ́. Àwọn wóró-wóró yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí tí wọ́n gbá nílẹ̀. Láti àwọn ọdún 1930 ni wọ́n ti ní ẹ̀rọ kan ní Assam, CTC ni wọ́n ń pè é, tó máa ń fọ́ ewé, tó máa ń ya á, tó sì máa ń ká a di wóró. Ó tètè pọ́n, ó le, ó gba mílíìkì dáadáa. Tíì Kẹ́ńyà tí wọ́n ń kó lọ sókè òkun, CTC ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Tíì tí ẹ ń bu mílíìkì sí yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun. Ohun tó kàn wà níbẹ̀ ni pé, torí pé ó wẹ́, gbogbo oje rẹ̀ á jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ìṣẹ́jú 2 tàbí 3, ẹ yọ àpò náà. Ẹ má fi ṣíbí fún un mọ́ ara ife, kíkorò tó kù nínú rẹ̀ lẹ̀ ń fún jáde yẹn.

Baba Kẹ́tù
O gbìyànjú. Síbẹ̀, èmi ò ní mu ún.

Ọmọlará Atalẹ̀
Ṣé ti Camellia nìkan la fẹ́ máa jà sí ni? Atalẹ̀ ńkọ́? Míǹtì, chamomile, hibiscus, rooibos?

Akin Onítẹmọ́mítà
Wọn kì í ṣe ọmọ igi tíì, ẹ̀gbọ́n. Aspalathus linearis ni rooibos, òkè Cederberg ní Gúúsù Áfíríkà ló ti ń hù. Ko tiẹ̀ sí kaféènì nínú rẹ̀.

Ọmọlará Atalẹ̀
Mi ò béèrè ìdílé tí wọ́n ti wá, Akin. Bí a ṣe ń pò wọ́n ni mò ń sọ, torí ibẹ̀ ni ọwọ́ àwọn èèyàn kì í ti í dé. Gbogbo ìbẹ̀rù omi híhó tí ẹ ń bẹ̀rù yìí, kò kan àwọn wọ̀nyí. Òdòdó àti ewé bíi chamomile àti míǹtì, ẹ da omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó lé wọn lórí, ẹ bò ó dẹ́dẹ́ kí òórùn rẹ̀ má bá afẹ́fẹ́ lọ, ó tó ìṣẹ́jú 5 sí 10. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò àti èèpo igi, atalẹ̀ àti sínámọ́ọ̀nù, dída omi lé e lórí ò ràn wọ́n. Orí iná ni kí ẹ ti sè é, iná jẹ́jẹ́, ìṣẹ́jú 10 sí 15. Àwọn ará Íńdíà tó ń se masala chai mọ èyí: atalẹ̀, kànáfùrù àti kádámọ́ọ̀mù á kọ́kọ́ hó nínú omi, kí ewé dúdú àti mílíìkì tó wọlé. Bí ẹ bá kó gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò pa pọ̀, ewé á ti korò kí atalẹ̀ tó ta ẹnu.

Ṣadé Ń Béèrè
Mo dúpẹ́ o. Ìbéèrè tèmi: ẹnìkan sọ fún mi pé bí mo bá da omi àkọ́kọ́ nù lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 30, kaféènì ti bá a lọ, mo lè mu ìyókù lálẹ́. Òótọ́ ni?

Akin Onítẹmọ́mítà
Kì í ṣe òótọ́. Kaféènì kì í yára jáde tó bẹ́ẹ̀, èyí tó pọ̀ á ṣì kù sínú ewé. Adùn lo máa dà nù. Àwọn tó ń da omi àkọ́kọ́ pu-erh nù, wọ́n ń ṣan ewé ni, kí èyí tó dì pọ̀ sì lè tú. Má sì sá lọ sọ́dọ̀ tíì funfun tìtorí àwọ̀ rẹ̀ o, ọ̀mùnú ewé ló pọ̀ nínú rẹ̀, ọ̀mùnú sì máa ń ní kaféènì dáadáa. Tí o bá fẹ́ kó dín kù, fi ewé sínú omi tútù, gbé e sínú fíríìjì fún wákàtí 6 sí 12, kí o sẹ́ ẹ. Kaféènì á kéré sí ti omi gbígbóná, kò sì ní korò.

Ìyá Ìbejì
Ṣadé, bí ẹ̀jẹ̀ rẹ kò bá fi bẹ́ẹ̀ pọ̀, má máa mu tíì pọ̀ mọ́ oúnjẹ. Ó máa ń dí ara lọ́wọ́ láti gba èròjà irin inú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà. Jẹ́ kó tó wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ.

Ọ̀rọ̀ kan sì wà fún Baba Kẹ́tù tó ń mu tirẹ̀ bó ṣe ń hó bọ̀ láti orí iná. Ní 2016, IARC, ẹ̀ka àjọ ìlera àgbáyé WHO tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, ní ó ṣeé ṣe kí mímu ohun tó gbóná ju dígírì 65 lọ máa fa jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun. Ooru tí a fi pò ó kò kàn wọ́n, ooru tí a fi gbé e mì ni. Ẹ fi omi híhó pò ó, Baba, kí ẹ wá dúró dìẹ̀.

Baba Kẹ́tù
Mo gbọ́, ìyá wọn. Mílíìkì tútù ni mo ń bù sí i, á ti wálẹ̀ kó tó dé ẹnu mi.

Olóhùn Iyọ̀
Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ ti dákẹ́. Kí lẹ fẹ́ ṣe báyìí?

Àdùkẹ́ Elétíì
Mi ò dákẹ́, omi ni mo lọ gbé kaná. Omi mi á hó, kò sẹ́ni tó lè sọ pé kó má hó. Mo kàn máa yọ ewé kíákíá bí Délé ṣe wí. Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé-jẹ, bí ó bá ṣì korò lẹ́yìn ìyẹn, èmi àti gíríìn tíì ti parí nìyẹn, mo ń lọ sọ́dọ̀ Ọmọlará.

Ṣadé Ń Béèrè
Ewé tí wọ́n bá yọ kíákíá yẹn, ṣé wọ́n á dà á nù ni?

Délé Ìkòkò Kékeré
Rárá o! Kó dúró nínú asẹ́, kí wọ́n tún da omi sí i. Ẹ̀ẹ̀kejì ni kó pẹ́ díẹ̀ sí i.