Ìyá Ọmọ Ni Màmá Wá Tọ́jú

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ sọ nípa àwọn màmá wa tí à ń ránṣẹ́ pè wá sí ìlú òyìnbó nígbà tí a bá bímọ. Mi ò ní fepo bọyọ̀: ìyá ọmọ ni Màmá wá tọ́jú. Ìkókó ní ìyá tirẹ̀ tó ń fún un lọ́mú, tó ń gbé e mọ́ àyà tọ̀sán tòru. Ìyá yẹn gan-an ni kò lẹ́ni tó máa gbé e, bẹ́ẹ̀ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu ewu jáde ni. Àwa tí a wà lókè òkun ti wá sọ ọ́ di pé tí Màmá bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú báyìí, ọmọ la máa gbé lé e lọ́wọ́, a ó sì máa retí kí ó rẹ ọmọ lẹ́kún, kí ó fọ aṣọ, kí ó tún ilé ṣe. Inú mi kì í dùn tí mo bá rí i.

Nílé, kí abiyamọ tó ti ilé ìwòsàn dé, omi ti ń hó lórí iná. Ìyá ọkọ ti dé, ìyá ìyàwó ti dé, ìyàwó ilé kan á ti gbé abọ́ aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ lọ sẹ́yìnkùlé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Gbogbo ẹni tó bá yà wá ló ń kí i pé "ẹ kú ewu ọmọ, ẹ kú ọwọ́ lómi". Kò sí ẹni tó ń retí kí ó dìde lọ dáná. Ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, tí mo ń gbé, èmi àti ọkọ mi nìkan la gbé ọmọ gun àtẹ̀gùn, a ṣílẹ̀kùn, ilé dákẹ́ rọ́rọ́.

Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún bàbá ọmọ ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 2. Ìyá lè gbà tó ọ̀sẹ̀ 52, owó sì wà fún 39 nínú rẹ̀ fún ẹni tó bá ti pẹ́ tó lẹ́nu iṣẹ́. Mo dúpẹ́ fún un, torí ọ̀pọ̀ obìnrin nílé kò rí ìdajì rẹ̀ gbà. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi rò ó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kejì, bàbá ọmọ á padà sẹ́nu iṣẹ́, egbò abiyamọ ò tíì jinná, ọmú rẹ̀ wú, ọmọ kò mọ òru yàtọ̀ sí ọ̀sán. Ta ló máa wà nílé? Àwọn kan tiẹ̀ wà tí ọkọ wọn kò sí ní ìlú rárá. Láti oṣù Kìíní ọdún 2024, ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó bá wá kàwé kò lè mú ọkọ tàbí aya wọn wá mọ́. Ní oṣù Kẹta ọdún yẹn, wọ́n ti ilẹ̀kùn náà mọ́ àwọn tó ń bọ̀ wá ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó. Nítorí náà, obìnrin á wà ní yàrá kan ní Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú ọmọ jòjòló, bàbá ọmọ á wà ní Ìbàdàn, orí WhatsApp ni yóò ti máa kí ìyàwó rẹ̀ kú ewu.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ibí ń gbìyànjú, mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bú wọn lójú mi. Agbẹ̀bí ń wá bá ọ nínú ilé rẹ láwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, ọ̀fẹ́ ni. Tó bá di bí ọjọ́ karùn-ún, wọ́n á gún ọmọ ní gìgísẹ̀, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti fi yẹ àwọn àrùn kan wò, àrùn fòníkú-fọ̀ladìde sì wà lára wọn. Bí ọ̀sẹ̀ kejì bá ń lọ sópin, nọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní health visitor á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ agbẹ̀bí, á máa wọn ọmọ, á sì máa kọ ọ́ sínú ìwé pupa tí wọ́n fi ń ṣe àkọsílẹ̀ ìlera ọmọ. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkẹjọ, dókítà á yẹ ìyá àti ọmọ wò. Gbogbo rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n agbẹ̀bí tó ní ilé púpọ̀ láti dé lọ́jọ́ kan kò lè jókòó ti ọ títí o fi máa jẹun tán. Kò lè gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ kí o sùn. Ibi tí tiwọn parí sí ni ti Màmá ti bẹ̀rẹ̀.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni màmá mi ti wá. Kí ó tó béèrè ọmọ, ó ní kí n wá kí òun wẹ̀ fún mi. Ó fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti kàn-ìn-kàn-ìn rọra fọ ẹ̀yìn mi, ó fi òrí pa ẹsẹ̀ mi tó wú, ó ń kì mí bó ṣe ń ṣe é. Láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé, kò sẹ́ni tó pe oríkì mi bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo sunkún, ó sì jẹ́ kí n sun ún tẹ́rùn. Ní ìdájí, á gbé ògì gbígbóná wá kí omi ọmú lè ya dáadáa. Lọ́sàn-án, àmàlà àti ọbẹ̀ ẹja gbígbẹ tó já ẹ̀fínrín sí. Rye Lane kò jìnnà sí wa, kò sì sí èròjà ọbẹ̀ tó béèrè tí ọkọ mi kò rí rà níbẹ̀. Àwọn àgbà ní ata ló ń fọ inú abiyamọ. Èmi gbà pé oúnjẹ gbígbóná tí kì í ṣe ọwọ́ ara ẹni la fi sè é ló gbé mi dìde. Lóru, bí mo bá ti fún ọmọ lọ́mú tán, Màmá á gbà á kí ó lè gùnfẹ̀ léjìká òun, á ní kí n fi orí lélẹ̀. Tí àlejò bá dé, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ rí mi, á dá wọn lóhùn pé, "Ẹ má bínú, ó ń sùn. Ẹ kú àdúrótì." Kò sí oògùn tó dà bí ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ni ìjà ti máa ń wọlé. Mo mọ̀ pé ilé púpọ̀ ti dàrú lórí rẹ̀, títí kan ilé tí ìyá àti ọmọ kò ti bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́ kí ìyá tó wọkọ̀ padà. Màmá fẹ́ fi ọwọ́ rọ ọmọ lágbo. Ó fẹ́ fún un lómi torí pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ó fẹ́ kó aṣọ tó fi káfúrà pamọ́ láti ọdún yìí wá jáde fún ọmọ. Ó fẹ́ kí ọmọ dojú bolẹ̀ sùn kí oorun rẹ̀ lè wọra. Ìfẹ́ ló fi ń ṣe gbogbo rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe tọ́ wa.

Síbẹ̀, èrò mi lórí èyí le: bó bá ti kan ara ọmọ, ohun tí agbẹ̀bí bá wí la máa ṣe. Omi ọmú nìkan tó ọmọ fún oṣù 6, omi tó fẹ́ mu wà nínú rẹ̀. Tí a bá rọ ọmọ lágbo ní tipátipá, àgbo lè há a lọ́fun, kí ó sì gba ibẹ̀ lọ. Ti káfúrà ni ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Àwọn ọmọ kan wà tí èròjà kan tí wọ́n ń pè ní G6PD kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, irú wọn sì wọ́pọ̀ láàrín àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Hóró káfúrà inú aṣọ lásán lè mú kí ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa fọ́, kí ibà pọ́njú dé, tó bá sì le jù, kí ó ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Ní ti oorun, àwọn òyìnbó pàápàá ń da ojú ọmọ wọn bolẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní 1991, Sebastian, ọmọ Anne Diamond tó ń ṣe ètò lórí tẹlifíṣọ̀n, kú lójú oorun. Obìnrin náà kò jẹ́ kí ìjọba sinmi, títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí kéde káàkiri ilẹ̀ yìí lọ́dún náà pé kí wọ́n máa fi ẹ̀yìn ọmọ lélẹ̀. Láàrín ọdún díẹ̀, irú ikú bẹ́ẹ̀ ti lọ sílẹ̀ ju ìdajì lọ. Ta ló máa gbọ́ ìyẹn tán tó máa da ojú ọmọ bolẹ̀?

Ọ̀nà tí a gbà sọ ọ́ fún Màmá ló ṣe pàtàkì. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ bá sọ fún ìyá rẹ̀ nípa ọmọ títọ́, ó máa ń dun ìyá, torí ó dà bí ẹni ń sọ pé kò mọ̀ ọ́n ṣe. Nítorí náà, a ní kí Màmá jókòó sí àárín wa nígbà tí agbẹ̀bí wá. Agbẹ̀bí fún un lọ́wọ̀, ó ṣàlàyé, ọkọ mi ń túmọ̀ èyí tó ṣòro. Màmá béèrè ọ̀rọ̀, wọ́n dá a lóhùn. Ó ní, "Mo ti gbọ́." Káfúrà ò jáde mọ́. Nígbà tí èmi náà béèrè nípa omi gbígbóná àti egbò mi, agbẹ̀bí sọ pé kò yẹ kí omi náà gbóná jù, Màmá sì tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, oúnjẹ mi, oorun mi, ìwẹ̀ mi àti àlejò mi, ọwọ́ Màmá la fi wọ́n sí, kò sì sẹ́ni tó bá a jiyàn.

Ohun kan ṣì wà tí ojú Màmá máa ń tètè rí. Àwọn baba ńlá wa mọ àbísínwín, wọ́n mọ̀ pé ìbímọ lè da orí obìnrin rú. Èyí tí a kì í sábàá sọ ni ìbànújẹ́ tó kàn máa ń jókòó síni lọ́kàn, tí èèyàn á máa fọ aṣọ ọmọ, tí kò ní mọ ìdí tí omijé fi ń bọ́. Ní 1987, àwọn onímọ̀ ìlera mẹ́ta, Cox, Holden àti Sagovsky, gbé ìbéèrè 10 jáde ní Scotland láti fi mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ń lò ó títí dòní. Ìbéèrè àkọ́kọ́ níbẹ̀ ń wádìí bóyá o ṣì lè rẹ́rìn-ín. Ẹni tó wà nínú ilé ló máa kọ́kọ́ rí i pé o kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá, tí ẹ bá rí i lára ọmọ yín, ẹ má sọ pé kó ṣáà máa dúpẹ́ pé ó sọ̀ láyọ̀. Ẹ bá a pe dókítà. Tó bá ti le, àwọn ibùdó kan wà ní ilẹ̀ yìí tí wọ́n ti ń gba ìyá àti ọmọ papọ̀ fún ìtọ́jú, wọn kò ní já ọmọ gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó wá kù sí ìhà tiwa. Màmá kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Oṣù 6 ni físà àlejò ń fún un, òfin sì gbà kí ó wá bá ọmọ rẹ̀ gbé ọmọ, ṣùgbọ́n kò gbà kí a sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ tó ń tọ́mọ kí àwa lè máa jáde lọ ṣiṣẹ́. Mo mọ àwọn màmá tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù, Houston ní Amẹ́ríkà ló kàn, ọmọ mìíràn ti bí níbẹ̀. Bàbá wà nílé, ó ń jẹ búrẹ́dì. Ìsọ̀ lọ́jà ti wà ní títì láti ọdún tó kọjá. Ẹ wo òtútù oṣù Kìíní, kí àgbàlagbà tí kò mọ ẹnì kankan wà nínú ilé láti àárọ̀ di alẹ́, ọmọ nìkan ni ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ mú un lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí níbi tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá. Ẹ fún un lówó sọ́wọ́ láìjẹ́ pé ó béèrè. Ẹ rí i pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ tó títí yóò fi padà, kí ẹ sì bá a gba ìwé adójútòfò ìrìn-àjò, torí tí wọ́n bá dá àlejò dúró ní ilé ìwòsàn níbí, owó ìtọ́jú náà àti ìdajì rẹ̀ lórí ni wọ́n máa ń gbà.

Àwọn mìíràn ò sì ní rí Màmá rárá. Ìjọba á kọ̀ láti fún un ní físà náà, láti ọdún 2013 ni wọ́n sì ti mú ẹ̀tọ́ tí ẹbí ní láti pe ẹjọ́ lórí irú físà bẹ́ẹ̀ kúrò, àfi tó bá kan ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Irú rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ sí arábìnrin kan ní àdúgbò wa tó máa bímọ láìpẹ́. Àwa obìnrin díẹ̀ ti pín ọjọ́ mọ́ra wa lọ́wọ́: ẹnì kan ní ògì àárọ̀, ẹnì kan ní aṣọ fífọ̀, èmi ni mo gba òru ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́rú kò tíì lẹ́ni. Tí o bá ń gbé nítòsí Peckham, tí o sì lè se ọbẹ̀ tàbí gbé ọmọ fún wákàtí méjì kí ìyá rẹ̀ lè sùn, jọ̀ọ́ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi.