Kì í ṣe orí kunkun lásán ni wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ Wegener

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà gbọ́ pé Alfred Wegener, onímọ̀ ojú ọjọ́ ará Jámánì tó kéde lọ́dún 1912 pé ọ̀kan ṣoṣo ni gbogbo ilẹ̀ ńláńlá ayé kí wọ́n tó pínyà, nìkan ló mọ òtítọ́ nígbà ayé rẹ̀, àti pé ìlara àti orí kunkun ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi kọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rí rẹ̀ lágbára lóòótọ́. Wọ́n rí egungun Mesosaurus, ẹran afàyàfà kékeré àtijọ́, nínú òkúta Brazil àti ti gúúsù Áfíríkà, bẹ́ẹ̀ kò jẹ́ lè wẹ Àtìláńtíìkì já. Ṣùgbọ́n kí ló ń ti ilẹ̀? Wegener ní yíyí ayé àti agbára tí òṣùpá àti oòrùn fi ń fa ayé ni, àti pé ńṣe ni ilẹ̀ ń la ìsàlẹ̀ òkun kọjá. Harold Jeffreys, onímọ̀ ìṣirò ti Yunifásítì Cambridge, ṣírò agbára wọ̀nyí, ó sì rí i pé wọ́n kéré jọjọ sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Wegener tún gbà pé Greenland ń sún ju mítà 10 lọ lọ́dún, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n òde òní kò ju sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ lọ. N kò lè dá ẹni tó ṣiyèméjì lẹ́bi. Ẹ̀bi àwọn kan lára wọn, pàápàá ní Amẹ́ríkà, ni pé wọ́n da ẹ̀rí òkúta nù nítorí àlàyé tó kùnà, wọ́n wá ń sọ̀rọ̀ nípa afárá ilẹ̀ tó ti rì sínú òkun, tí ẹnikẹ́ni kò rí ipa rẹ̀.

Wegener kò sì dá wà. Lọ́dún 1923, Alexander du Toit, ará South Africa, lọ yẹ àpáta Brazil àti Argentina wò fúnra rẹ̀, owó àjọ Carnegie ti Amẹ́ríkà ló sì ná. Arthur Holmes, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ àlàyé tó sàn jù jáde lọ́dún 1931, ọdún kan lẹ́yìn tí Wegener kú sórí yìnyín Greenland: ó ní ooru inú ayé ń mú kí òkúta abẹ́ ilẹ̀ máa ru sókè, kó sì máa rì padà díẹ̀díẹ̀, bí ẹ̀kọ tó ń hó, òun ló sì ń gbé ilẹ̀ lọ.

Ẹ̀rí tuntun ló yí ọ̀pọ̀ wọn lọ́kàn padà. Láàárín ọdún 1960 sí 1968, òkúta ìsàlẹ̀ òkun fi hàn pé ìsàlẹ̀ òkun fúnra rẹ̀ ń rìn, pé ilẹ̀ kò là á kọjá rárá. Lọ́dún 1967, Patrick Hurley, onímọ̀ nípa àpáta, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọ ààlà kan nítòsí Accra, níbi tí àpáta tó ti tó bílíọ̀nù 2 ọdún ti pàdé èyí tó jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 600 ọdún. Wọ́n ṣírò pé bí ilẹ̀ méjèèjì bá ti so pọ̀ rí lóòótọ́, ààlà náà yóò wọ Brazil nítòsí São Luís, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ti bá a.